Ibi tí àmì ti ń sọnù kí ìwé tó di PDF

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ àgbà wá bá mi níbi tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú, ní Kétu. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà: oríkì, orin ìsìn, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kò fi àmì kankan sílẹ̀. Ó sọ ọ́ di PDF, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà dídán, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ló mú dání. Níbi tí "ṣàánú" yẹ kó wà, "□àánú" ló wà níbẹ̀. Nínú "Ẹ̀gbọ́n", àmì orí Ẹ ti kúrò lórí Ẹ, ó lọ dúró láàárín Ẹ àti g bí àlejò tí kò mọ ilé tó ń lọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí PDF fi ń jẹ àmì Yorùbá?"

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé ìjọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tẹ káàdì ìsọmọlórúkọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn náà ni mo sọ fún un: PDF kì í jẹ àmì. Kí ìwé tó di PDF ni àmì náà ti wà lójú ewu, nínú ìwé tí a tẹ̀ tàbí nínú ẹ̀rọ tí a fi yí i padà. PDF kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá àtúnṣe nínú PDF, ibi tí kò sí ló ń wá a.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ, kò mọ ọ. Nọ́ńbà ló mọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, níbi tí wọ́n ti fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ẹ ni 1EB9. Ti ọ ni 1ECD. Ti ṣ ni 1E63. Ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe nọ́ńbà yìí, àwòrán rẹ̀ ni, inú fọ́ńtì sì ni àwòrán ti ń wá. Fọ́ńtì ni ohun tí kọ̀ǹpútà Faransé tiwa ń pè ní "police". Ká sọ ọ́ báyìí: nọ́ńbà ni orúkọ, fọ́ńtì ni àpótí aṣọ. Kọ̀ǹpútà á pe orúkọ, á ṣí àpótí, á wá aṣọ tó jẹ́ ti orúkọ yẹn, á sì wọ̀ ọ́ fún un.

Bí aṣọ náà kò bá sí nínú àpótí ńkọ́? Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè lọ yá aṣọ nínú fọ́ńtì mìíràn láìsọ fún yín. Bí kò bá sì rí ibi tó ti máa yá a, á fi àpótí òfìfo sí ojú ibẹ̀, □, kó lè jẹ́ kí a mọ̀ pé lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí òun kò ní àwòrán rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì máa ń pe àpótí yẹn ní "tofu", nítorí ó jọ ègé wàrà sóyà funfun tí wọ́n ń jẹ ní Éṣíà. Ibẹ̀ ni fọ́ńtì Noto ti Google ti gba orúkọ: "no tofu" lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó má sí tofu mọ́.

Ti yíyá yìí, ẹ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ yan fọ́ńtì kan tó dára lójú yín fún káàdì. Ẹ tẹ "iṣẹ́". Gbogbo rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ ojú ìwé náà tóbi, ẹ ó rí i pé ṣ tẹ́ẹ́rẹ́ ju i lọ, tàbí kó sanra jù ú lọ, bí ìgbà tí ọmọ kan nínú ẹbí kò wọ aṣọ ẹbí. Ṣ yẹn, ara fọ́ńtì mìíràn ni wọ́n ti yá a. Lórí kọ̀ǹpútà yín, ó rí ibi tó ti yá. Lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, fọ́ńtì tó yáni ní aṣọ lè má sí.

Kí ló dé tí ẹ àti ọ fi máa ń yè, tí ṣ fi máa ń bọ́? Èmi náà ti ṣe kàyéfì nípa rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Èdè àwọn ará Vietnam ń lo àmì abẹ́ fún ohùn kan nínú àwọn ohùn wọn, wọ́n sì ń kọ ẹ àti ọ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń kọ ọ́. Nínú Unicode, ààrin àwọn lẹ́tà Vietnam gan-an ni ẹ àti ọ wà. Fọ́ńtì tí wọ́n bá ti ṣe fún Vietnam, ẹ àti ọ tiwa ti bá a wọlé. Ṣùgbọ́n Vietnam kò lo ṣ. Apá ibòmíràn ni ṣ wà, láàárín àwọn lẹ́tà tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ èdè Lárúbáwá àti èdè Íńdíà ní lẹ́tà Látìn, ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ẹlẹ́wà kò sì débẹ̀. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé "ṣàánú" ló di "□àánú" lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, tí "ọmọ" sì wà bó ṣe wà.

Ó wá ku àmì ohùn. Á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù, gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà tiwọn nítorí pé àwọn èdè mìíràn ní Yúróòpù àti ibòmíràn ń lò wọ́n. Ń àti ǹ náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, lẹ́tà kékeré àti lẹ́tà ńlá, kò sí èyí tó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni m̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé ó máa kọ́kọ́ pe 1EB9, ìyẹn ẹ, á wá pe 0301, ìyẹn àmì òkè nìkan, á sì gbé èkejì ka orí àkọ́kọ́. Àmì ìsàlẹ̀ ni 0300. Àwọn àmì wọ̀nyí kò ní ìjókòó tiwọn. Orí lẹ́tà tó ṣáájú wọn ni wọ́n ń gùn.

Ẹni tó ṣe fọ́ńtì ló gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí àmì máa jókòó sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú fọ́ńtì tí wọ́n ṣe dáadáa, ibi ìdákọ̀ró kékeré kan tí ojú kò rí wà lórí ẹ, òmíràn wà lábẹ́ àmì, kọ̀ǹpútà á sì so méjèèjì pọ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì kò bá ṣe iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà á gbé àmì sí ibi tó bá ṣáà bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àmì orí Ẹ fi lọ sí ẹ̀gbẹ́ g. Àwòrán Ẹ wà, àwòrán àmì náà wà, ohun tí kò sí ni okùn tó so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ eléyìí, ó ní ṣebí ó dúró dáadáa lórí kọ̀ǹpútà òun. Òótọ́ ló sọ. Mo wá bi í léèrè bó ṣe yí i padà. Ó ní Word orí kọ̀ǹpútà òun ti gbó, òun lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ojúlé kan tó ń yí ìwé padà lọ́fẹ̀ẹ́, òun gbé e sí i, òun sì gba PDF padà. Ọ̀rọ̀ ti yanjú! Ìwé Word kì í sábà gbé fọ́ńtì dání. Orúkọ fọ́ńtì nìkan ló ń gbé. Nígbà tí ìwé náà dé orí ẹ̀rọ tó wà lókèèrè yẹn, ẹ̀rọ náà ka orúkọ fọ́ńtì, ó wá a, kò rí i, ó sì fi fọ́ńtì tirẹ̀ dípò. Fọ́ńtì yẹn kò ní ṣ, kò sì mọ bí a ṣe ń gbé àmì gun Ẹ. Àpótí òfìfo ni ẹ̀rọ yẹn yà sínú PDF, ó sì dì í mọ́ ibẹ̀. Kò sí ohun tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lè ṣe sí i mọ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi ìwé Word ránṣẹ́ sórí WhatsApp tí ẹnìkan sì ṣí i lórí fóònù, tó wá sọ ọ́ di PDF láti ibẹ̀. Fóònù rẹ̀ kò ní fọ́ńtì yín.

Nípa PDF fúnra rẹ̀, iléeṣẹ́ Adobe ló gbé e jáde ní 1993, ó sì di ìlànà àgbáyé ISO ní 2008. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ojú ìwé rí bákan náà níbi gbogbo. Ó ń ṣe é nípa kíkọ àṣẹ sílẹ̀: ní ibí yìí, ya àwòrán báyìí láti inú fọ́ńtì báyìí. Bí fọ́ńtì náà bá wà nínú PDF, ó parí, níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i ló máa rí bó ṣe rí. Bí kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ṣí i á wá èyí tó jọ ọ́. Àwọn fọ́ńtì 14 kan wà, irú Helvetica, Times àti Courier, tí ìlànà PDF ìgbà àtijọ́ gbà pé gbogbo ẹ̀rọ ló ní wọn, tí wọn kì í fi í gbé wọn sínú rẹ̀. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn kò ronú kan lẹ́tà ẹ.

Nítorí náà, gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé: fọ́ńtì gbọ́dọ̀ wọ inú PDF. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò wúwo. Àwòrán àwọn lẹ́tà tí ẹ lò nìkan ló sábà máa ń gbé wọlé, kì í ṣe gbogbo fọ́ńtì.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo kọ́kọ́ ń yan fọ́ńtì tó mọ Yorùbá. Àwọn tí àwọn ará SIL, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ṣe fún èdè bíi tiwa ni mo fẹ́ràn jù: Charis àti Gentium fún ìwé tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, Andika fún ìwé àwọn ọmọdé àti àwọn tó ń kọ́ ìwé kíkà, nítorí lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere. Noto náà dára. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ìwé àṣẹ wọn sì gbà kí a dì wọ́n mọ́ inú PDF láìsan kọ́bọ̀. Eléyìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn fọ́ńtì kan wà tí àṣẹ inú wọn kọ̀ pé kí a gbé wọn sínú ìwé. Bí ẹ bá lo irú rẹ̀, Word lè sọ ọ̀rọ̀ di fọ́tò, tàbí kó fi fọ́ńtì mìíràn dípò. Fọ́ńtì ẹlẹ́wà tí ẹ rí he lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó fi kọ orúkọ olóògbé.

Lórí Word tó ń sọ Faransé, mo lọ sí "Fichier", mo yan "Enregistrer sous", mo mú PDF, mo sì ṣí "Options" láti mú ibi tí wọ́n kọ PDF/A sí. PDF/A ni oríṣi PDF tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó pọn dandan fún un kí gbogbo fọ́ńtì wà nínú rẹ̀. Lórí LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, "Fichier" náà ni, lẹ́yìn náà "Exporter vers" àti "Exporter au format PDF", PDF/A sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí Word rẹ̀ ti gbó bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, LibreOffice ni mo máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó sàn ju kí ó gbé ìwé rẹ̀ lé ẹ̀rọ tí kò mọ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi Word ránṣẹ́ dandan, bóyá nítorí ẹlòmíràn yóò tún un ṣe, ẹ lọ sí "Options", sí "Enregistrement", ẹ mú "Incorporer les polices dans le fichier". Fọ́ńtì á wọ inú Word náà.

Àwọn bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà wa ní Benin ní ìyọnu tiwọn. AZERTY ti Faransé ni. É wà lórí bọ́tìnnì 2, è wà lórí 7, à wà lórí 0, ṣùgbọ́n ó kò sí níbì kankan, ẹ kò sí, ọ kò sí. Kí ni àwọn ènìyàn máa ń ṣe? Wọ́n á da ẹ kan kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á mú ọ láti inú "Symbole", wọ́n á tẹ é láti orí bọ́tìnnì 2, wọ́n á sì wá àmì abẹ́ lọ́tọ̀ fi sí i. Ìwé kan ṣoṣo á wá ní ẹ́ oríṣi mẹ́rin tó jọra lójú.

Mo fi han ọ̀dọ́mọkùnrin náà nínú ìwé tirẹ̀. Mo gbé kọ́sọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ́ nínú "iṣẹ́", mo tẹ Alt pẹ̀lú X. Lórí àwọn Word Faransé kan, Alt pẹ̀lú C ni. Àmì orí rẹ̀ sì yí padà di nọ́ńbà lójú wa: "iṣẹ0301". Mo dá a padà. Mo lọ sí "iṣẹ́" kejì ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó jáde ni 0323, èyí tí í ṣe àmì abẹ́ tó dá dúró, tó gun ẹ̀yìn é ti Faransé. Ẹ̀kẹta, 0329 ni. Ìyẹn kì í ṣe kókó, àmì roboto abẹ́ lẹ́tà, rárá, ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan lábẹ́ lẹ́tà ni, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì kò burú púpọ̀, nítorí Unicode fúnra rẹ̀ gbà pé ohun kan náà ni wọ́n, ètò tó bá gbọ́n á kà wọ́n sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìlà 0329 àti kókó abẹ́ kì í ṣe ọ̀kan lójú Unicode. Bí ẹ bá wá "iṣẹ́" nínú PDF tí ẹ fi kókó kọ, èyí tí ẹ fi ìlà kọ kò ní jáde láéláé. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ní tèmi, kókó ni mo ń lò, tí mo bá sì gba ìwé ẹlòmíràn tó ti dàpọ̀, mo máa ń fi "Remplacer" pa gbogbo rẹ̀ dà sí ọ̀kan kí n tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti má bá dàpọ̀ ni kí ẹ fi bọ́tìnnì Yorùbá sórí ẹ̀rọ yín. Windows ní i, Gboard orí fóònù náà ní i.

Àwọn kan nínú wa kò kọ ẹ àti ọ rárá. Ìjọba gbé ábídí àwọn èdè Benin kalẹ̀ ní 1975, àwọn tó kọ́ ìwé kíkà nínú rẹ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ níbí ń kọ ɛ àti ɔ, wọ́n sì ń fi sh ṣe ṣ. Ìwé ìjọ tó ti Nàìjíríà wá ń kọ ẹ, ìwé kíláàsì àgbàlagbà ń kọ ɛ, ẹni kan náà lè gbé méjèèjì wá bá mi ní òwúrọ̀ kan. Ohun tí mo ti sọ nípa àmì ohùn kò yí padà fún wọn: ɛ́ àti ɔ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, wọ́n nílò fọ́ńtì tó mọ bí a ṣe ń gbé àmì gùn ún. Ewu kan wà tó jẹ́ tiwọn nìkan. Nọ́ńbà ɛ tiwa ni 025B. Àwọn ará Gíríìsì ní ε tiwọn, 03B5, tó jọ ọ́ bí ìbejì, òun sì ni ọwọ́ àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bà nínú "Symbole". Bí ó bá wọ inú ìwé, á hàn, á tilẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìwádìí kò ní rí i, fọ́ńtì á sì máa yà á bíi lẹ́tà Gíríìkì. Àwọn ará ilé wa tó ń sọ Ẹ̀gùn ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú Ɖ ńlá, tó ní àwọn ìbejì tirẹ̀ nínú Unicode.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ àkọlé náà, nítorí gbogbo ètò ìsìnkú ló máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ẹ kọ "ÈTÒ ÌSÌNKÚ", àmì orí rẹ̀ sì gé kúrò bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Fọ́ńtì kò jẹ̀bi nínú eléyìí. Ẹ lọ wo "Paragraphe", níbi "Interligne": ẹ ó rí i pé ẹnìkan ti yan "Exactement" tó sì fi iye kan há ìlà náà mọ́. Lẹ́tà ńlá tó gbé àmì sórí ga ju àyè tí wọ́n fún un lọ, Word sì gé ohun tó yọ jáde dànù. Ẹ dá a padà sí "Simple" tàbí "Multiple", orí á sì padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fa ìlà sábẹ́ àkọlé Yorùbá. Ìlà náà á gba orí àmì abẹ́ kọjá, "Ọlọ́run" á dà bí "Olórun". Ẹ jẹ́ kó dúdú kó nípọn, ó tó.

Ó ku PDF tó dára lójú tó sì ń purọ́ nínú. Kí Unicode tó tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan ṣe fọ́ńtì Yorùbá tiwọn nípa títú àwòrán ká: wọ́n mú àwòrán ẹ, wọ́n fi sí ipò àmì mìíràn tí wọn kò nílò, irú àmì dọ́là. Ẹ tẹ àmì dọ́là, ẹ rí ẹ. Ọgbọ́n ńlá ni nígbà yẹn, mi ò ní bú wọn, ìwé orin tí ọ̀pọ̀ ìjọ wa ṣì ń kọ títí dòní, wọn ni wọ́n jẹ́ kó ṣeé tẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà dọ́là ló wà lábẹ́ àwòrán ẹ. Ẹ sọ ọ́ di PDF, ẹ gbé fọ́ńtì sínú rẹ̀, ó rẹwà lórí bébà. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ da ẹsẹ orin kan kọ láti inú rẹ̀ sórí WhatsApp, ohun tó máa rí ni "$" káàkiri. Ẹni tí kò ríran, tó ń fi ẹ̀rọ kàwé, á gbọ́ ohun tí kò ní ìtumọ̀ rárá.

Ẹgbẹ́ akọrin kan gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi, orin tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kò sí ọ̀nà àbùjá. A jókòó, a kọ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti lẹ́tà tó dúró fún, a sì fi "Remplacer" pa wọ́n dà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà Unicode, lẹ́yìn náà ni a tó yí fọ́ńtì padà. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà ìwé, kì í ṣe lórí ojúlówó, nítorí bí àmì dọ́là gidi bá wà nínú ìwé náà, òun náà á di ẹ.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá PDF yín ń sọ òótọ́, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù tí kì í ṣe tiyín, ẹ ṣí i níbẹ̀. Ẹ fa ìlà kan tó ní ẹ́, ọ̀ àti ṣ, ẹ dà á kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ WhatsApp. Bó bá jáde bó ṣe wà, nọ́ńbà inú rẹ̀ péye. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní Adobe Reader, ẹ tún lè ṣí "Fichier", "Propriétés", "Polices", ó máa to orúkọ fọ́ńtì kọ̀ọ̀kan, á sì sọ èyí tó wà nínú ìwé. Èyí tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, òun ló máa dójú tì yín lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé. Mo tún máa ń fi lẹ́tà lásán sọ orúkọ fáìlì, láìsí àmì, nítorí orúkọ tó ní ẹ̀ àti ọ́ lè dàrú bí a bá dì í sínú zip. Inú ìwé ni mo fi àmì sí, kì í ṣe sára àpò rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a kúkú ya fọ́tò ojú ìwé, kí a sì fi fọ́tò ṣe PDF. Ó lè gba ènìyàn là ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ọ̀nà mìíràn, fún bébà nìkan. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú fọ́tò, kò sí ẹni tó lè wá a rí lọ́jọ́ iwájú.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, a yí fọ́ńtì ètò ìsìnkú náà sí Charis, a pa gbogbo àmì rẹ̀ dà sí oríṣi kan, a tú "Exactement" sílẹ̀ lórí àkọlé, a sì sọ ọ́ di PDF/A láti orí LibreOffice. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Kétu pé kó ṣí i lórí fóònù rẹ̀. Ó wá "ṣàánú", ó rí i ní ibi mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló da orúkọ ìyá àgbà kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́, tòun ti àmì rẹ̀ pé pérépéré, ó sì fi ránṣẹ́ padà sí wa.